Mo Kọ Orúkọ Ẹni Tí Kò Wá

Ẹ bú mi bó bá wù yín. Mo ti bú ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí èébú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, kì í ṣe èmi nìkan ló sì máa kàn.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni mo ti ṣiṣẹ́. Rárá o, èmi kì í ṣe aṣòfin. Ká ní aṣòfin ni mí, ṣé ojú á tì mí débi tí màá fi jókòó kọ ìwé sí yín? Akọ̀wé ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sídìí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, kí n máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá wí sílẹ̀. Ẹni tó wá, ẹni tí kò wá, ẹni tó gbà, ẹni tí kò gbà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ irọ́ àwọn èèyàn yẹn títí ìka mi fi yọ kókó. Àmọ́ irọ́ tiwọn ni. Mi ò fi tèmi kún un rí, àfi ẹ̀ẹ̀kan yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rán mi níwèé. Nígbà tí bàbá wa kú, ó wọ iléeṣẹ́ òwú lọ kí èmi lè kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ọdún mẹ́rìnlélógún ló sì lò níbẹ̀. Inú eruku ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, òwú á wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, á sì máa wúkọ́ bí ẹni tó ń wọ́ àga nílẹ̀. Ìbomú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún wọn lọ́dún. Ẹni tó bá ṣàìsàn, kó máa gbalé rẹ̀ lọ.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní igun òpópónà wa, kò sì sí ọkùnrin kan ládùúgbò tí kò tíì tẹ orí rẹ̀ ba fún un. Alápàárá ni. "Orí gbogbo yín ni mo mọ̀," á ní, "ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni mi ò lè jẹ́rìí sí."

Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú Aláàtùpà ládùúgbò wa. Ẹgbẹ́ Alágogo ni ọ̀pọ̀ àwa tó kù. Kò sẹ́ni tó torí ẹ̀ bínú. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n á bú ẹgbẹ́ rẹ̀, á bú tiwọn, á sì gẹ irun wọn dáadáa.

Ìgbà náà ni àbá òfin kan dé síwájú ilé. Kí iléeṣẹ́ òwú máa fún òṣìṣẹ́ ní ìbomú lóṣooṣù, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa eruku síbẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú ẹni tí eruku bá ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ìgbìmọ̀ kékeré ẹlẹ́ni mọ́kànlá ló máa dìbò lé e, ìgbìmọ̀ tí èmi gan-an ń kọ̀wé fún. Bó bá kọjá níbẹ̀, kò sóhun tó tún máa dá a dúró.

Méjì nínú àwọn mọ́kànlá náà, agbègbè wa ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan ni Ọnọ́rébù tiwa, Alágogo, tí gbogbo ayé ń pè ní Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín nítorí pé ohun tó máa ń pariwo nìyẹn tó bá ń wá ìbò. Èkejì ni obìnrin kan tí à ń pè ní Onígíláàsì, ẹgbẹ́ Aláàtùpà, tó ń ṣojú òdìkejì ìlú. Òun nìkan ni obìnrin nínú gbogbo wọn.

Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu géètì iléeṣẹ́ òwú. Ó di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ìyá wa, ìbò tèmi ti wà nílẹ̀," ó ní. "Ẹ máa kà á sí òfin." Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà nílé.

Ọjọ́ ìbò wá dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá yẹn ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta, wọ́n ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ tó bà á jẹ́, nítorí náà ọwọ́ mi nìkan ni ẹ̀rí tó wà.

Onígíláàsì sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ó gbé ìbomú kan tí òṣìṣẹ́ ti lò fún ọdún kan lé orí tábìlì. Ó ti dúdú bí àkísà ìdáná. Ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó wà lára aṣọ yìí, òun náà ló wà láyà wọn." Ọkùnrin kan tó nírùngbọ̀n, ẹgbẹ́ Alágogo, dìde dá a lóhùn, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni alága bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

Gbà. Mi ò gbà. Gbà. Mi ò gbà. Nígbà tí wọ́n pe ènìyàn mẹ́wàá tán, márùn-ún gbà, márùn-ún ò gbà. Ó ku ẹnìkan.

Alága pe Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín. Àga rẹ̀ ṣófo. Ó tún un pè.

"Bóyá ó wà pẹ̀lú wọn," ẹnìkan wí, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Alága gbá òòlù mọ́ tábìlì. "Ìbò dọ́gba. Àbá ṣubú." Wọ́n dìde, wọ́n lọ mu tíì.

Ẹ gbọ́ ohun kan tí ọ̀pọ̀ aráàlú ò mọ̀. Ìlànà ilé ni pé bí ìbò bá dọ́gba, ẹni tí kò sí níjókòó lọ́jọ́ náà lè béèrè pé kí wọ́n tún un dì, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá, ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́rin. Mo mọ ìlànà yìí bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tó sì ṣe ohun tí mo ṣe, a lè ní òmùgọ̀ ni. Èmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Aṣọ tuntun wà lọ́rùn rẹ̀, àmì ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ṣì wà lápá rẹ̀.

"Ọmọ ilé wa," ó ní, "jókòó."

Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí aṣòfin kankan tó ní kí n jókòó rí.

"Mo gbọ́ pé ẹ ti dìbò."

"A ti dì í, sà. Wọ́n pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Aránṣọ ló dá mi dúró. Ọkùnrin yẹn wọn àyà mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ̀ ọ́n wọ̀n." Ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kò tíì bàjẹ́, sà. Ẹ ṣáà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ béèrè ìbò tuntun."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Kí n dìde kí n sọ níwájú gbogbo ayé pé mi ò wá? Àwọn oníròyìn á jẹ mí tẹran-teegun. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó gbà. Ṣebí ohun tí mo fẹ́ dì náà nìyẹn? Kì í ṣe irọ́. Ọkàn mi wà níbẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀! Ara rẹ̀ wà níwájú dígí aránṣọ, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa.

Ó yẹ kí n dìde. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde, ìdí nìyẹn tó fi tètè sọ èyí tó kàn.

"Ọ̀gá ẹ̀yin akọ̀wé ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, àbí? Wọ́n ti fò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọdé tí o kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n ń gbé gorí rẹ. Èmi wà nínú àwọn tó máa yan ọ̀gá tuntun. Àga yẹn, tìẹ ni. Ilé oníyàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn náà, ẹni tó bá jókòó sórí àga ló ni ín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ilé yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ẹ̀bá fèrèsé rẹ̀ kọjá. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, tí eruku òwú kan ò ti ní bá a. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ra ara mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó gbà. Mo kà á. Ó di mẹ́fà sí márùn-ún. Háà! Bó bá jẹ́ mẹ́fà sí márùn-ún, òfin ti kọjá nìyẹn! Mo sáré padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Sà, bí ẹ bá wọlé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àbá ò ṣubú."

Ó họ orí. "Yọ ẹnìkan, kí ló dé?"

"Ta ni kí n yọ, sà?"

"Yọ obìnrin yẹn. Aláàtùpà ni. Bó bá pariwo, ta ló máa gbà á gbọ́?"

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Mo yọ orúkọ Onígíláàsì, mo kọ ọ́ sábẹ́ àwọn tí kò wá. Mo gé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, ìdajì wákàtí ọ̀rọ̀, mo gé e. Alága bu ọwọ́ lù ú láì kà á. "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀?" ó bi mí. Mo ní, "Kò sí, sà." Mo tún ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé òfin tó ti kú ti kú, kí ni orúkọ tún fẹ́ ṣe fún òkú?

Ọjọ́ kejì, Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín ti wà lórí rédíò. "Èmi dìbò fún yín! Aláàtùpà ló sá lọ. Wọ́n tà yín." Onígíláàsì náà gba rédíò lọ, ó búra pé òun wà níbẹ̀. Àwọn Aláàtùpà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ní lóòótọ́, ó wá. Àwọn Alágogo ní kò wá. Onírùngbọ̀n tó dá a lóhùn ló búra jù: "Mi ò fojú kàn án lọ́jọ́ náà!" Gbogbo wọn ló mọ òótọ́. Kò sí ẹnìkan tó sọ ju ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ lọ.

Aráàlú ní, "Ó dáa, kí ni ìwé wí?" Ìwé wí ohun tí mo kọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ òwú ti kún ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹgbẹ́ yín ló pa wá!"

"Obìnrin náà wá," ó dáhùn. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi."

"Àbúrò ìyàwó rẹ ló kọ ọ́ pé kò wá. Ṣé àbúrò ìyàwó rẹ ń purọ́ ni?"

Mo wà lẹ́yìn wọn, mo ń gbọ́. Ọkùnrin yẹn wojú gbogbo wọn, ó ní, "Àbúrò mi ò lè purọ́. Ẹni tó tẹ ìwé náà ló máa ti ṣe àṣìṣe."

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, orí kan ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ọ̀dà kọ APÀNÌYÀN sára ilẹ̀kùn. Wọ́n ju òkúta, gbogbo dígí rẹ̀ fọ́. Nígbà tó ń gbá àfọ́kù jọ, ọkùnrin kan tó ti ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kékeré gbé bẹ́ǹṣì, ó là á mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Ọwọ́ tó fi ń di kílípà mú, ọwọ́ tó fi ń jẹun.

Níbi iṣẹ́, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ní àkókò oúnjẹ. "Ọkọ ẹ ló tà wá," wọ́n ń wí fún un. Òun tó ń wúkọ́ jù nínú gbogbo wọn! Kò sọ fún mi. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi.

Ṣé ẹ rò pé mo sọ̀rọ̀? Mo ra ọsàn, mo gbé e lọ kí wọn.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ so ọwọ́ tó ṣẹ́ náà kọ́ ọrùn, ó lọ bá Onígíláàsì. "Mà, mo ti gbọ́ nípa ọgbọ̀n ọjọ́. Ìwé ti sọ pé ẹ ò wá. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lò ó, ẹ béèrè ìbò tuntun, kí ìyàwó mi rí ìtọ́jú."

Obìnrin náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò wá? Ìyẹn ni Alágogo ń wá. Ẹgbẹ́ mi ò ní gbà láéláé."

Ẹ wò wọ́n! Ẹni tí kò wá ní òun wá, kò lè béèrè. Ẹni tó wá ò gbà kí wọ́n pe òun lẹ́ni tí kò wá, kò fẹ́ béèrè. Orúkọ ni wọ́n ń ṣọ́, àwọn méjèèjì. Aya ẹni ẹlẹ́ni ni kó máa wúkọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n bọ́ sí Sátidé. Mo wà nílé wọn lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi fara ti ìrọ̀rí lórí àga. Ọkọ rẹ̀ ti lọ gba àkọsílẹ̀ ìjókòó náà ní ilé ìgbìmọ̀, èyí tí aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà. Níwọ̀n ìgbà tí kò rí irun gẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Akọ̀wé, wá ṣàlàyé nǹkan fún mi," ó ní. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yín." Ó fi ọwọ́ òsì ṣí ìwé náà, ó ń kà á sókè. "Onírùngbọ̀n ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Ó ní, 'Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé májèlé ni eruku òwú. Kó gbé ìbomú ìdọ̀tí yẹn kúrò lórí tábìlì, a fẹ́ mu tíì.'" Ó gbójú sókè. "Obìnrin wo ló ń bá wí? Ṣebí obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, ìwé yìí sì ní kò wá?"

Mo gé ọ̀rọ̀ obìnrin náà, mo gbàgbé láti gé èsì tí wọ́n fún un. Akọ̀wé ọdún mẹ́rìndínlógún!

Ọjọ́ mẹ́rin ṣì kù nílẹ̀. Ká ní mo la ẹnu mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, à bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ọjọ́ mìíràn ló wọ inú ti ọjọ́ yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ó pẹ́ tó ti ń wò mí. "Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo délé, mo lọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi mí jọ̀gá. Ọjọ́ mẹ́rin náà lọ, èmi náà ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n ni Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín pe àdúgbò jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìbò tó dì. Kí wọ́n wá dúpẹ́! Ó fi mí jókòó síwájú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóhùn sókè ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì. Àwọn èèyàn ń hó lé e lórí. Kò dá wọn lóhùn. Ó ka ọ̀rọ̀ Onírùngbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ń hó mọ́.

"Ẹ ò rí àwọn Aláàtùpà!" Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín pariwo. "Ẹ̀tàn ni iṣẹ́ wọn. Ṣebí akọ̀wé rèé? Ọmọ yín ni. Dìde, ọmọ ilé wa, sọ fún wọn."

Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n mi náà dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú.

"Ọnọ́rébù, ẹ jẹ́ kí èmi bi í," ó ní. "Èmi ni mo rán an níwèé." Ó kọjú sí mi. "Obìnrin yẹn, ṣé ó wá, àbí kò wá?"

Ikọ́ gbé e bó ṣe sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo èrò dúró kí ó wú u tán. Ó pẹ́. Mo gbìyànjú láti purọ́, Ọlọ́run ló mọ̀, irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n mi. Ikọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó jáde.

"Ó wá," mo ní.

"Ọkùnrin tó dúró yìí ńkọ́?"

"Kò wá. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ló wà."

Gbọ̀ngàn dàrú. Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín nawọ́ sí mi, ó ń pariwo, "Aláàtùpà ti rà á! Aláàtùpà ti rà á!" Bó ṣe ń pariwo náà ló ń fà sẹ́yìn, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde. Ọkùnrin tó fi bẹ́ǹṣì fọ́ ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fi fìlà bojú.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì dúró. "Sátidé tí ọkọ mi ka ìwé yìí fún ọ nínú ilé mi," ó ní, "ọjọ́ kelòó ni?"

"Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n."

"Òní ńkọ́?"

"Ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n."

Ó jókòó.

Ilé ìgbìmọ̀ gbé ìwádìí kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwádìí wọn ṣe rí fún yín. Alágogo mẹ́ta, Aláàtùpà mẹ́ta. Wọ́n bi mí ní ẹ̀ẹ̀mọkànlá pé, "Ẹgbẹ́ wo lo wà?" Mo kà á. Wọ́n bi mí ẹni tó mọ bàbá mi, wọ́n bi mí ẹni tí mo dìbò fún. Ẹnìkan ò dárúkọ eruku. Ẹnìkan ò dárúkọ òwú. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, mo fi ọwọ́ gbá tábìlì, mo ní, "Ẹ̀yin àgbààyà wọ̀nyí, àwọn èèyàn ò lè mí! Ẹ ti fọwọ́ bo ìyẹn mọ́lẹ̀, ẹ ń bi mí léèrè ẹgbẹ́?"

Alága ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ọmọbìnrin tó gba ipò mi fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá.

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n ní kí Mo-Wà-Pẹ̀lú-Yín máa ṣọ́ra, ó ṣì wà lórí àga rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àwọn Aláàtùpà ya àwòrán Onígíláàsì ńlá, wọ́n kọ AJÀFẸ́TỌ̀Ọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sí ìkòríta. Ìbomú kan ṣoṣo náà ni iléeṣẹ́ òwú ṣì ń fún wọn lọ́dún.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ń jókòó sùn, torí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á dí. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀bẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ rẹ ò lè fẹ́ atẹ́gùn sí mi láyà."

Ọkọ rẹ̀ ní kó rọra. Ó ní òun ò ní rọra.

"Ká ní o kọ ọ́ bó ṣe rí," ó ní, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀, "lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ̀rún wa là bá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin yẹn. Kò ní ríbi gbà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, òun fúnra rẹ̀ á ti sáré lọ béèrè ìbò tuntun. Ìbínú nìkan la ní, àbúrò mi. Kò sí nǹkan mìíràn tí àwa fi lè mú wọn. O gbà á lọ́wọ́ wa, o jẹ́ ká fi ṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi."

Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe.

"Bọ́ sí òpópónà. Wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wọn, má fi nǹkan kan bo ara rẹ. Bí wọ́n bá pa ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú, padà lọ lọ́jọ́ kejì. Má wá bẹ̀ mí mọ́ títí o fi máa ṣe é tán."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn báyìí. Ìbò ń bọ̀, ojú ọkùnrin yẹn ti tún wà lára gbogbo ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí aṣòfin yín bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ kejì ló fà á, ẹ má tíì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ bi í níbi tó wà lọ́jọ́ náà. Ẹ bi akọ̀wé rẹ̀ náà.

Àwọn kan tutọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn kan tú ajá sí mi. Lánàá, mo kan ilẹ̀kùn bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ní iléeṣẹ́ òwú. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí màá lọ síbẹ̀ nìyẹn. Àmì Alágogo wà láyà rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ dí i.

"Ìwọ tún ni? Ẹgbẹ́ wo ló ń rán ọ gan-an?"

"Kò sí ẹgbẹ́ kankan, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ gbé òun náà. Ó wú u títí, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, mo dúró kí ó tán. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Wọlé," ó ní. "Wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."